Ṣílè fàdákà ọlọ́pẹ tí wọ́n ń tà ní Òṣogbo: èyí tó tó rà àti èyí tó yẹ ká fi sílẹ̀ lábọ́

Bí ẹ bá dúró nídìí àwọn tó ń pàtẹ ìlẹ̀kẹ̀ àti ẹ̀gbà idẹ ní àdúgbò Ọjà Ọba, pàápàá nínú oṣù kẹjọ tí ọdún Ọ̀ṣun máa ń kó àlejò wọ̀lú, ẹ ó rí abọ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ tí owó onírin àtijọ́ kún inú rẹ̀. Kọ́bọ̀ oníhò wà níbẹ̀, oníní wà níbẹ̀, ṣílè tó pọ́n bí idẹ wà níbẹ̀, àwọn funfun mélòó kan á sì dà pọ̀ mọ́ wọn. Èyíkéyìí tó bá ti funfun, orúkọ kan náà ni wọ́n ń pè é: "Fàdákà ni o, owó ayé àwọn bàbá wa." Owó ayé àwọn bàbá wa ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe fàdákà.

Èyí tó jẹ́ fàdákà nínú abọ́ náà ni àyẹ̀wò yìí dá lé: owó British West Africa tó ní orí Ọba Jọ́ọ̀jì Karùn-ún lójú kan, èyí tí wọ́n tẹ̀ láti ọdún 1913 títí wọ 1920. Mẹ́rin ni wọ́n: tọ́rọ́ (kọ́bọ̀ mẹ́ta ayé àtijọ́, ìyẹn pẹ́nì mẹ́ta), sísì (kọ́bọ̀ mẹ́fà), ṣílè kan (kọ́bọ̀ méjìlá) àti ṣílè méjì. Igi ọ̀pẹ ló wà lẹ́yìn ṣílè kan àti ṣílè méjì, òun la ṣe pè wọ́n ní ọlọ́pẹ. Tọ́rọ́ àti sísì kò ní ọ̀pẹ. Iye owó ni wọ́n kọ sí àárín ẹ̀ka ewé tó yí i ká.

Ìdájọ́ wa kò gùn. Ṣílè méjì ọdún 1913 sí 1919, tí wọn kò lu ihò sí, tí wọn kò sì fi nǹkan kan bó lára, òun ni ọjà tó dára jù nínú abọ́ yẹn. Ṣílè kan tẹ̀ lé e. Sísì wà fún ẹni tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò pọ̀. Tọ́rọ́ kéré púpọ̀, ó ṣòro láti dá mọ̀ lójú ọjà, ó sì rọrùn láti sọnù. Ẹ rà á bí ẹ bá fẹ́ kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé, kì í ṣe nítorí fàdákà inú rẹ̀. Ohunkóhun tó bá ti kọjá ọdún 1920, ẹ má san owó fàdákà lé e lórí, ohun yòówù kí òǹtàjà fi búra.

Ìdí tí ọdún fi ṣe pàtàkì báyìí wà nínú ìtàn owó náà. Kí ọdún 1913 tó dé, ṣílè tí wọ́n ń ná nílẹ̀ wa kò yàtọ̀ rárá sí èyí tí wọ́n ń ná ní Lọ́ńdọ̀nù: orí Fìtóríà tàbí ti Ẹ́dúwọ́ọ̀dù Keje ló wà lára rẹ̀. Nígbà tí rélùwéè dé Òṣogbo ní 1907, tí àwọn oníṣòwò ń fi ọkọ̀ ojú irin kó èso ilẹ̀ lọ sí Èkó, irú ṣílè bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń sanwó. Irú rẹ̀ ṣì ń jáde látinú àpótí àwọn àgbà títí di òní. Fàdákà gidi ni òun náà, ìwọ̀n rẹ̀ kan náà ni, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kún fún un débi pé àwọn akówójọ kì í sáré sí i àfi tó bá mọ́ tónítóní.

Èrè wà nínú títẹ owó. Ṣáájú ogun àgbáyé kìíní, iye fàdákà tó wà nínú ṣílè kò tó ìdajì iye tí wọ́n ń ná an, èrè tó wà láàárín sì ń wọ àpò ìjọba ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ìjọba ìhà ibí fẹ́ jẹ nínú rẹ̀. Ní 1912, ìgbìmọ̀ tí Lord Emmott ṣe alága rẹ̀ dá a lábàá pé kí wọ́n fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní owó tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni West African Currency Board ṣe bẹ̀rẹ̀, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tí owó rẹ̀ wà fún Nàìjíríà, Gold Coast tó di Gánà, Sàró àti Gáńbíà. Owó tuntun náà bẹ̀rẹ̀ ní 1913. Bertram Mackennal, ọmọ Ọsirélíà, ló ya orí ọba tó wà lára rẹ̀. Fàdákà rẹ̀ jẹ́ 92.5 nínú 100, bàbà ni wọ́n fi kún un kó lè le.

Ogun ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Fàdákà wọ́n, ó tún wọ́n sí i. Iye tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ń tẹ owó fàdákà ni kọ́bọ̀ 66 fún áúnsì kan. Nígbà tó fi di oṣù kejì ọdún 1920, áúnsì kan náà ti di kọ́bọ̀ 89 àti àbọ̀ lọ́jà Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ṣílè kan tí wọ́n ń ná ní kọ́bọ̀ 12 ti ní fàdákà kọ́bọ̀ 16 nínú. Ẹni tó bá yọ́ ọ ti jèrè ju ẹni tó ná an lọ. Ní ọdún yẹn gan-an ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gé fàdákà inú owó tiwọn sí ìdajì. Ti ìhà tiwa, fàdákà ni wọ́n yọ kúrò pátápátá, wọ́n fi idẹ tí wọ́n lú tíìnì díẹ̀ mọ́ rọ́pò rẹ̀. Ará Òṣogbo kò yẹ kó nílò olùkọ́ lórí èyí. Ìlú tí Ọ̀ṣun ti ń wọ idẹ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, tí a ti ń kígbe Òòrè Yèyé fún Ọlọ́mọyọyọ, ó yẹ kó mọ idẹ bó bá rí i, kódà bí wọ́n bá fi orí ọba bò ó.

Nítorí náà, ọdún ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. 1913 sí 1919: fàdákà. 1922 sókè: idẹ, kò sí àríyànjiyàn. 1920 nìkan ló ní oríṣi méjì, ibẹ̀ sì ni jìbìtì pọ̀ sí. Ẹ fi lẹ́ǹsì wo ojú ọ̀pẹ fún lẹ́tà kéékèèké. H túmọ̀ sí pé ilé iṣẹ́ Heaton ní Birmingham ló tẹ̀ ẹ́, ó wà lára púpọ̀ nínú ti fàdákà. Bí kò bá sí lẹ́tà kankan, Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Bó bá jẹ́ KN tàbí G ló wà lára ti ọdún 1920, idẹ ni, ì báà dán bíi dígí. Àwọn kan ń fi fàdákà tín-ín-rín pa irú rẹ̀ lára. Ẹ wo orí imú ọba àti etí owó náà níbi tí ọwọ́ ti ń kan jù: bí àwọ̀ pupa bá ń yọjú lábẹ́ funfun, ẹ dá a padà sínú abọ́.

Àwọn funfun mìíràn tó ń tan ènìyàn jẹ kò ní fàdákà kankan. Ṣílè Nàìjíríà ti ọdún 1959 sí 1962, tó ní orí Ọbabìnrin Ẹlísábẹ́ẹ̀tì, bàbà àti níkẹ́ẹ̀lì ni. Kọ́bọ̀ mẹ́wàá ti ọdún 1973, nígbà tí náírà dé, bàbà àti níkẹ́ẹ̀lì náà ni, òun sì ló léwu jù fún ẹni tó ń kánjú, nítorí igi ọ̀pẹ wà lára rẹ̀. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí i. Bí kò bá sí BRITISH WEST AFRICA lójú ọ̀pẹ àti GEORGIVS V REX ET IND: IMP: lójú ọba, kì í ṣe ọjà tí à ń wí.

Ẹ jẹ́ ká fi ti kọ́bọ̀ oníhò ha á láàárín. Nínú abọ́ kan náà, ẹ lè rí oníní, eépìnnì tàbí kọ́bọ̀ ti ọdún 1936 tí wọ́n kọ EDWARDVS VIII sí. Ọba yẹn kò lo ọdún kan lórí ìtẹ́ tó fi gbé adé sílẹ̀, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gan-an kò sì ná owó kankan tó ní orúkọ rẹ̀. Ìhà ọ̀dọ̀ wa níbí ná an. Kì í ṣe fàdákà, kò sì ṣọ̀wọ́n, àmọ́ iye kan náà ni wọ́n sábà máa ń tà á pẹ̀lú kọ́bọ̀ oníhò yòókù. Ẹ mú un.

Ìdánwò kìíní lẹ́yìn ọdún ni ìwọ̀n. Òṣùwọ̀n kékeré tí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ń lò, tó ń ka 0.01 gíráàmù, ló dára. Òṣùwọ̀n ilé ìdáná tó ń ka gíráàmù kan kan kò wúlò rárá níhìn-ín. Bí wọ́n ṣe jáde ní tuntun nìyí: ṣílè méjì jẹ́ 11.31 gíráàmù, ìbú rẹ̀ bíi mìlímítà 28. Ṣílè kan jẹ́ 5.66, ìbú rẹ̀ bíi 23 àti àbọ̀. Sísì jẹ́ 2.83, ìbú 19; tọ́rọ́ jẹ́ 1.41, ìbú 16. Owó tí wọ́n ná fún ọ̀pọ̀ ọdún á ti jẹ díẹ̀. Ṣílè méjì tó wọn 10.9 sí 11.3 kò ní ìṣòro. Ṣílè kan tó wọn 5.4 sí 5.65 kò ní ìṣòro. Bí ṣílè kan bá sì wọn 5.1 nígbà tí irùngbọ̀n ọba ṣì hàn ketekete, ìwọ̀n àti ojú rẹ̀ kò bára mu: ẹni tó dà á kò ní irin tó tọ́.

Ìwọ̀n nìkan kò tó, torí ẹni tó mọ iṣẹ́ lè ṣe ayédèrú tí ìwọ̀n rẹ̀ pé. Ìdánwò omi ló ń tú u fó. Ẹ gbé ife oníke tí omi wà nínú rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n, ẹ tẹ bọ́tìnnì kó padà sí òdo. Ẹ fi òwú tín-ín-rín so owó náà, ẹ rì í sínú omi kó bọ́ sábẹ́ pátápátá, ṣùgbọ́n kó má kan ìsàlẹ̀ ife, kó má sì fara kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nọ́ńbà tí òṣùwọ̀n bá gbé jáde, òun ni kí ẹ fi pín ìwọ̀n tí ẹ kọ́kọ́ kà. Ẹ mú ṣílè méjì tó wọn 11.2: bó bá jẹ́ fàdákà tòótọ́, òṣùwọ̀n á ka nǹkan bíi 1.08, ìpín rẹ̀ á sì jẹ́ 10.3 tàbí 10.4. Bó bá jẹ́ bàbà òun níkẹ́ẹ̀lì, á ka nǹkan bíi 1.26, ìpín rẹ̀ á jẹ́ 8.9. Idẹ á ka bíi 1.32, ìpín rẹ̀ kò ní jìnnà sí 8.5. Bí ìpín bá wá ga ju 10.6 lọ, òjé ni kí ẹ fura sí. Ihò kò ba ìdánwò yìí jẹ́, torí irin tó kù ló ń wọn. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni òrùka tí wọ́n jó mọ́ etí owó náà kí wọ́n lè fi ṣe ẹ̀gbà ọrùn.

Ohun tó sábà ń ṣì wọ́n lọ́nà ni èémí omi kéékèèké tó lẹ̀ mọ́ ara owó. Èémí yẹn á mú kí nọ́ńbà pọ̀ sí i, fàdákà gidi á wá dà bí ayédèrú, ẹni tó ń rà á á sì fi ọjà rere sílẹ̀. Ẹ kán ọṣẹ ìfọbọ́ kan ṣoṣo sínú omi, ẹ sì mi òwú náà díẹ̀ kí èémí náà tú. Ẹ pa fáànù, torí atẹ́gùn ń ti òṣùwọ̀n. Òwú ìránṣọ ni kí ẹ lò, kì í ṣe okùn. Tọ́rọ́ kò ṣe é dán wò ní ẹyọ kan, torí 0.14 péré ni nọ́ńbà rẹ̀, àṣìṣe kékeré òṣùwọ̀n á sì gbé ìdáhùn lọ sí ibi tó bá wù ú. Ẹ so márùn-ún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdánwò náà kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, òǹtàjà tó mọ ohun tó ń tà kì í sábà bínú sí i. Kò sí ọ̀nà àbùjá lọ́rùn ọ̀pẹ, ti ara owó náà sì wà nínú rẹ̀.

Àwọn ọgbọ́n ojú ọjà yòókù kéré sí òkìkí wọn. Òòfà kì í fa fàdákà, òtítọ́ ni, àmọ́ kì í fa idẹ tàbí bàbà náà, nítorí náà irin dúdú nìkan ló ń lé jáde. Yìnyín máa ń yọ́ kíákíá lórí fàdákà, ó sì máa ń yọ́ kíákíá lórí bàbà pẹ̀lú. Ohùn wúlò díẹ̀: ẹ gbé owó náà sí orí ìka, ẹ fi owó mìíràn kàn án létí, fàdákà tí ẹ̀rọ tẹ̀ máa ń dún tíín, ó sì máa ń pẹ́ kó tó kú, èyí tí wọ́n dà máa ń dún kọ́. Ẹ má jù ú sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì bí àwọn kan ti ń ṣe, torí etí rẹ̀ á tẹ̀. Ní ti ásíìdì, ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni kán an sójú ọba. Ó máa sọ fún yín pé fàdákà ni, ó sì máa fi àmì sílẹ̀ tí kò ní kúrò mọ́.

Ẹ wo etí rẹ̀ náà. Etí ṣílè kan àti ṣílè méjì tòótọ́ ní eyín wẹ́wẹ́ yíká, gbogbo eyín náà bára wọn dọ́gba. Èyí tí wọ́n fi àpẹẹrẹ amọ̀ dà máa ń ní ìlà kan tó gba àárín etí kọjá níbi tí ẹ̀bá méjì ti pàdé, ojú rẹ̀ á sì ní ihò kéékèèké bí awọ ọsàn. Lẹ́tà rẹ̀ máa ń wú bíi pé omi wọ̀ ọ́.

Bó bá ti jẹ́ fàdákà, ìbéèrè tó kù ni iye. Iye méjì ló wà lórí owó yìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì ń da méjèèjì pọ̀. Èkíní ni iye fàdákà inú rẹ̀, tí kò béèrè ọdún tàbí ẹwà. Ẹ fi ìwọ̀n rẹ̀ lu 0.925, ẹ fi 31.1 pín in, kó lè di áúnsì. Ẹ wá fi iye tí áúnsì fàdákà jẹ́ lọ́jọ́ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lu ú, lẹ́yìn náà iye tí wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là. Ká fi ṣe àpẹẹrẹ lásán: bí áúnsì bá jẹ́ dọ́là 30, tí dọ́là sì jẹ́ 1,500 náírà, ṣílè méjì tó wọn 11.2 ní fàdákà dọ́là 10 nínú, ìyẹn 15,000 náírà. Ṣílè kan jẹ́ ìdajì rẹ̀. Ṣílè méjì mẹ́ta fẹ́rẹ̀ẹ́ gé sí áúnsì kan gẹ́lẹ́, èyí sì mú kí ìṣírò rọrùn lójú ọjà. Fàdákà kì í dúró sójú kan, nítorí náà iye tí ẹ bá gbọ́ lóṣù tó kọjá kò wúlò mọ́.

Iye kejì ni ti àwọn akówójọ, ojú ló sì ń pinnu rẹ̀. Èyí tí ọwọ́ ti nù débi pé irun ojú ọba kò hàn mọ́, iye fàdákà rẹ̀ tàbí díẹ̀ lé e ni wọ́n máa san. Bí irùngbọ̀n, etí ọba àti òkúta ara adé bá ṣì yàtọ̀ síra, tí imọ̀ ọ̀pẹ sì ṣì ní ìlà lára, iye rẹ̀ á gòkè. Èyí tí kò tíì wọ ọwọ́ ará ọjà rí, tí dídán ilé ìtẹ̀wó ṣì ń yí lójú rẹ̀ bí ẹ bá ń yí i sábẹ́ iná, lè tó ìlọ́po mélòó kan iye fàdákà rẹ̀. Irú bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n gan-an nínú abọ́ Ọjà Ọba, torí owó tí wọ́n ná ni owó tó kù sílé. Ihò, òrùka tí wọ́n jó mọ́ ọn, tàbí ibi tí wọ́n ti yọ òrùka kúrò tí wọ́n sì fi fáìlì fá a (ẹ wo òkè adé dáadáa, ibẹ̀ ni wọ́n sábà ń so ó sí) máa ń já a bọ́ sí iye fàdákà lásán. Owó onírú àbùkù bẹ́ẹ̀ kò burú fún ẹni tó fẹ́ fi ṣe ohun ọ̀ṣọ́. Kí ó ṣáà mọ iye tó ń san.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọdún tó ṣọ̀wọ́n kó wá nọ́ńbà KM (nọ́ńbà inú ìwé àkójọ owó ti Krause àti Mishler) lórí íntánẹ́ẹ̀tì: tọ́rọ́ ni KM 10, sísì KM 11, ṣílè kan KM 12, ṣílè méjì KM 13. Numista, ìkànnì àwọn akówójọ, ní àwòrán wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Iye tí wọ́n tà á ní tòótọ́ ni kí ẹ wò, kì í ṣe iye tí ẹnì kan kọ sórí ọjà rẹ̀ tí kò sì tíì rí ẹni rà á.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dunni jù ni fífọ̀. Òǹtàjà rí owó dúdú, ó rò pé ó dọ̀tí, ó wá fi eérú, ọsàn wẹ́wẹ́, kánún tàbí ọṣẹ ìfọyín bó o kó lè dán fún àlejò. Dúdú yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí. Imí ọjọ́ inú afẹ́fẹ́, èéfín àdògán àti òógùn ọwọ́ ló ń sọ ojú fàdákà di dúdú díẹ̀díẹ̀, awọ dúdú náà sì wá di aṣọ rẹ̀. Eérú àti ọṣẹ ìfọyín ń ha á. Ọsàn ń jẹ bàbà tó wà nínú rẹ̀. Ìlà wẹ́wẹ́ tí ìbó fi sílẹ̀ kò ní parẹ́ láéláé, akówójọ tó bá fi lẹ́ǹsì wò ó á sì rí i ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀rín àti ẹkún ni: owó tí wọ́n lò ju wákàtí kan lọ láti bó ni wọ́n ń tà lówó gọbọi, èyí dúdú tó wà nísàlẹ̀ abọ́ ni wọ́n sì ń tà lówó pọ́ọ́kú. Èyí dúdú ni kí ẹ rà.

Bí ìdọ̀tí tòótọ́ bá wà lára rẹ̀, bí amọ̀ tàbí òróró, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ pẹ̀lú ọṣẹ díẹ̀, ẹ ṣàn án, ẹ fi aṣọ rírọ̀ tẹ̀ ẹ́ gbẹ. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ni, ẹ má nù ún. Bí nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ bá wà lára rẹ̀, ọ̀rá rírọ̀ tí wọ́n fi pa á mọ́ ló fà á. Ẹ rẹ ẹ́ sínú ásítóónì tí kò ní àdàlù, èyí tí kì í ṣe ti ìyọ̀kun èékánná, lójú fèrèsé tó ṣí, kí iná má sí nítòsí. Ẹ kó o sínú ìwé líle tó ní fèrèsé ọ̀rá Mylar, irú èyí tí wọ́n ń tà fún akówójọ. Róbà ìdìwó ni ẹ ò gbọ́dọ̀ fi dì í rárá, torí imí ọjọ́ tó wà nínú róbà máa fa ìlà dúdú kọjá lójú ọba. Nígbà òjò, ẹ kó àpò kékeré tó ń fa omi mu sínú àpótí náà, irú tí wọ́n máa ń fi sínú páálí bàtà tuntun.

Ní ti àwọn tó ń tà á, àtẹ Ọjà Ọba ló ní onírúurú jù, òun náà ló ní àdàlù jù. Ẹ ná an dáadáa: ẹ má mú fàdákà nìkan lọ́wọ́ nígbà tí ẹ bá ń nájà, ẹ mú u pọ̀ mọ́ kọ́bọ̀ oníhò méjì tàbí mẹ́ta, ẹ béèrè iye gbogbo rẹ̀. Ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà, ìwọ̀n ló ń sọ̀rọ̀. Òun kì í purọ́ pé idẹ ni fàdákà, ojú rẹ̀ mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kò sí ìyàtọ̀ fún un láàárín ọdún 1913 tó mọ́ tónítóní àti ẹ̀gbà ọwọ́ tó ti ṣẹ́: iná ni méjèèjì ń lọ. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ ibi tó dára láti ra, tí kò sì dára láti tà. Ẹni tó mọ iyì wúrà là á tà á fún. Bí ẹ bá fẹ́ tà fún un, ẹ má retí pé yóò san iye fàdákà pátá, torí yíyọ́ ń jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀, òun náà sì gbọ́dọ̀ jẹun.

Ní Sábó, owó fàdákà ńlá kan tún wà tí wọ́n máa ń fi hàn yín: ti Maria Theresa, ọbabìnrin Ọ́síríà, tó gbòòrò bí ìdérí agolo kékeré, tó sì wọn gíráàmù 28. Ọdún 1780 ló wà lára gbogbo rẹ̀, torí náà òǹtàjà á ní ó ti lé ní 240 ọdún. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún yẹn ni ọbabìnrin náà kú, ọdún yẹn ni wọ́n sì ń kọ sí i títí di ayé òde òní, torí àwọn oníṣòwò kò gbà á bí wọ́n bá yí ojú rẹ̀ padà. Fàdákà rẹ̀ jẹ́ 83.3 nínú 100, ìpín omi rẹ̀ sì kéré díẹ̀ sí ti ọlọ́pẹ, bíi 10.2. Ẹ rà á ní iye fàdákà. Ẹ má san kọ́bọ̀ kan fún ọjọ́ orí rẹ̀.

Àwọn tó ń tà lórí Facebook àti WhatsApp ló nira jù, torí fọ́tò kì í wọn. Ẹ béèrè fọ́tò ojú méjèèjì àti etí, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ lórí òṣùwọ̀n tí nọ́ńbà rẹ̀ hàn. Ẹni tó bá ní òun kò ní òṣùwọ̀n, tó sì ní mílíọ̀nù ni òun ń tà á nítorí pé "àwọn òyìnbó ń wá a", ẹ fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ọjà rẹ̀. Owó ọlọ́pẹ tó tó mílíọ̀nù kò sí nínú abọ́ ẹnikẹ́ni.

Ní Ọjà Ọba, bí ẹ bá rí ti ọdún 1920 tó funfun, tí ẹ kò rí H lára rẹ̀, tí òǹtàjà sì ní kí ẹ má gbé e sórí òṣùwọ̀n, iye kọ́bọ̀ oníhò ni kí ẹ dá lé e.